Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Tí O Rà fún Mi, àti Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Lọ

Ọmọ mi àtàtà,

Bí ìwé yìí bá bá ọ láàárọ̀, kú ojúmọ́ o. Bó bá sì jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ lo ti ibi iṣẹ́ dé bá a lẹ́nu ọ̀nà, kú iṣẹ́, kú làálàá, kú àtẹ̀gùn gígùn, nítorí ìyá rẹ sọ fún mi pé àjà kẹrin lo ń sùn. Iṣẹ́ tí o ń ṣe kò ní di ìṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọ̀gá rẹ kò ní jí lọ́jọ́ kan kó ní òun kò mọ̀ ọ́ rí. Ohun tí o bá fi òógùn ojú rẹ rà kò ní sọ ọ́ di ẹni tó ń rojọ́ kiri. Àmín o.

Nílé níbí, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu díẹ̀. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti ṣíwọ́ jíjò láti ìgbà tí òjò ti dá, káfíńtà sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ló tún un ṣe. Báńkì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi nígbà tí owó tí o fi ránṣẹ́ wọlé, mo dá wọn lóhùn pé mo dúpẹ́, mo ní kí wọ́n bá mi kí ilé, ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí wọn kò fèsì. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí Ìyá Aláṣọ, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo tó kù láyé, fi dé ọ̀dọ̀ rẹ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, tí eruku sìmẹ́ńtì bo gèlè rẹ̀, tí èmi tí mo ní n ó gbé e wá kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní mi ò gbọ́ ọ, mo ní afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn rẹ lọ. Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ kedere. Ẹnu mi ni kò gbé e, ìdí nìyẹn tí mo fi wá bébà.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ náà. Ọjọ́ tí awakọ̀ tí o rán gbé e dé, gbogbo àdúgbò ló jáde wá kí mi kú oríire. Ọkọ̀ tó rẹwà ni, irọ́ kò sí níbẹ̀, ó kúrú, ó ki, ìdí rẹ̀ gé gẹ́rẹ́, bí ẹni pé ọkọ̀ gígùn ni àwọn òyìnbó náà fẹ́ ṣe kí aṣọ tó tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí lọ sókè bí ẹnu ẹni tó ń yán. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, obìnrin kan sọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀ ní èdè kan tí kì í ṣe tiwa, tí kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Mo kí i. Ó dákẹ́. Mo tún yí kọ́kọ́rọ́, ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Mo rò ó pé bóyá ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń béèrè, mo bá sọ fún un pé wọ́n ti tà wọ́n o, òun àti ọkọ̀, kí ó fọkàn balẹ̀, ọ̀dọ̀ ènìyàn ló bọ́ sí. Ìyá rẹ wà lójú fèrèsé, ó ní kí n bá òun sọ fún obìnrin yẹn pé ọkọ òun mọ ọ̀nà ilé, kò nílò ẹni tí yóò máa júwe rẹ̀ fún un.

Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà ni àwòrán pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí tàn níwájú mi. Ẹlòmíràn ì bá má mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Agolo ẹlẹ́nu gígùn tí mo fi ń kán epo sí máṣíìnì ìránṣọ mi ni, tòun ti ẹ̀kán kan lẹ́nu rẹ̀. Orí mi wú. Mo ní àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí ti mọ̀ pé télọ̀ ló máa jogún rẹ̀. Mo sáré wọ ṣọ́ọ̀bù lọ mú agolo mi, mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo sì kán epo sí gbogbo ibi tí mo rí pé ó lè yí, díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń ṣe é fún máṣíìnì. Iná náà kò kú. Mo rò pé kò tíì yó ni, mo tún kán sí i.

Ìyá rẹ ló ní kí n gbé e lọ bá Ó-Ti-Yé-Mi. O ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn rẹ ló dé sí àdúgbò yìí, mẹkáníìkì ni, ẹ̀gbẹ́ ilé epo ló ń jókòó sí. Wọ́n sọ ọ́ ní Ó-Ti-Yé-Mi nítorí kò sí ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá bá a tí kò ní sọ pé ó ti yé òun kí ó tó ṣí i wò. Nígbà tí mo fi agolo mi hàn án, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó bu epo ẹ́ńjìnnì sí i, ó kún fọ́fọ́, nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn máa fi parí, ó tún ti gbẹ. Ó ní ọkọ̀ náà ń mu epo ni. Mo ní níbo ló ń tọ̀ ọ́ sí, nítorí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó ní èéfín ló ń fi ṣe.

Láti ìgbà náà ni àrùn ti ń ki àrùn káàbọ̀. Gíláàsì fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mi já wọnú ilẹ̀kùn lọ bí ẹni tó rí olówó tó jẹ ní gbèsè, kò sì jáde mọ́, mo fi igi há a. Jíà tí o sọ pé ó ń yí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá wù ú ló ń yí i, á dúró, á ronú, á wá fò wá síwájú lójijì bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ síbi tí kò fẹ́. Iná mìíràn tún tàn, pupa rúsúrúsú ni tòun, ó dà bí ìkòkò tó ní ọwọ́. Mo rò pé oúnjẹ ló ń béèrè.

Ó-Ti-Yé-Mi gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan wá, ó ki okùn rẹ̀ bọ abẹ́ ibi tí mo ń gbé ẹsẹ̀ sí, ó ní ọkọ̀ fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Mo ṣí fìlà lórí. Mo rọra bi í bóyá ó tún lè sọ ohun tí èmi àti ìyá rẹ ti bá ara wa fà nínú rẹ̀, ó ní rárá, ara tù mí. Ó tẹ nǹkan kan, gbogbo iná tó ń tàn níwájú mi sì kú pi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dì mọ́ ọn. Mo ní ọkọ̀ ti gbádùn. Ìyá rẹ nìkan ni kò yọ̀. Ó ní ẹni tó fọwọ́ bo aláìsàn lẹ́nu kí ó má kérora, ṣé ó ti wò ó sàn nìyẹn? Mo ní kí ló mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọ Ìyá Aláṣọ ti òkè òkun dé, tó ní òun ò lè máa fi ìyá òun sílẹ̀ ní òun nìkan mọ́, pé ìwé ti jáde, àwọn ń lọ. Ó ti wà lọ́dọ̀ yín ní ìlú ńlá, ó ń sáré ìwé tó kù, ó kàn ku ẹni tí yóò mú ìyá rẹ̀ wá bá a. Mo ní èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Nígbà tí ìyá wa fi wá sílẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo sùn dàgbà. Èrè aṣọ tó ń tà ló fi ra máṣíìnì tí mo kọ́kọ́ jókòó tì. Mo fẹ́ kí ó fi ọkọ̀ mi jáde ní ìlú. Mo fẹ́ kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n máa wí pé àbúrò rẹ̀ ló wá gbé e, ẹ ẹ̀ rí ọkọ̀.

Ìyá rẹ ní ká wọ bọ́ọ̀sì. Mo ní bọ́ọ̀sì kẹ̀? Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, òun náà yí ọkọ̀ náà ká, ó yìn ín, ó sì ní, àbúrò mi, jẹ́ ká wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní nínú bọ́ọ̀sì a ó jókòó fún ara wa, o ò ní máa wo ọ̀nà, wàá lè máa wo èmi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ wọlé jàre, ẹ̀gbọ́n mi, iwájú lẹ máa jókòó. Ó sì wọlé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, bí mo bá ń gé aṣọ, bí mo bá ń fọ ojú.

Ọkọ̀ náà rìn dáadáa títí a fi kọjá afárá. Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì lé ẹsẹ̀, kò jẹ́ kí n di bẹ́líìtì mọ́ òun, ọkọ̀ sì ń ké pín, pín, pín. Ó bi mí pé kí ló ń ké. Mo ní ẹ̀yin ló ń kí. Ó ń dá a lóhùn, ó ń dá a lóhùn, nígbà tó yá ó ní kí n sọ fún un pé ó ti kí òun tó. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan gba inú ọkọ̀ kan, òórùn dídùn bí ìgbà tí ṣúgà bá jóná. Kí n tó mọ̀ bóyá ìta ló ti wá, èéfín funfun ti bo iwájú wa, ọkọ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù.

Mo fi aṣọ di ọwọ́, mo ṣí i. Ọ̀pá oníke kan, tí kò tóbi ju ìka ẹsẹ̀ mi lọ, ló sán, tí omi inú rẹ̀ sì dà nù tán. Rò ó wò, gbogbo irin tó wà níbẹ̀, ike ni wọ́n fi ẹ̀mí ọkọ̀ lé lọ́wọ́. Mo pe Ó-Ti-Yé-Mi lórí fóònù. Mi ò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tó fi ní ó ti yé òun, òun ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wá ibòji, ó tẹ́ ìborùn sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ gbá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní wá jókòó. Mo ní mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Abẹ́rẹ́ wà lára fìlà mi, bí ó ti máa ń wà, mo fa òwú yọ, mo ya etí aṣọ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí rán an mọ́ ọ̀pá náà lára. Ọmọ mi, n kò rán aṣọ ìyàwó kankan rí tí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ dọ́gba tó bẹ́ẹ̀. Ó tún pè mí, ó ní fi nǹkan yẹn sílẹ̀, wá jókòó tì mí. Mo ní ó kù díẹ̀. Mo da omi tí a gbé dání láti mu sí i, omi náà sì gba inú aṣọ jáde bí ẹni pé kò sẹ́ni tó rán nǹkan kan síbẹ̀. Mo tún un rán.

Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pè é láti ọ̀dọ̀ yín pé bàálù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ kan tó ti kó búlọ́ọ̀kù tán, tó ń lọ sí ìlú ńlá, rí wa, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí wa dáadáa, ó ní àyè ènìyàn méjì wà níwájú lọ́dọ̀ òun, kí àwa méjèèjì wọlé. Ènìyàn méjì ló wí. Mi ò lè parọ́ fún ọ pé ẹyọ kan ni.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó gbọn ìborùn rẹ̀, ó ní ó yá, ká lọ. Èmi bojú wo ọkọ̀. Mo ní bí mo bá fi í sílẹ̀, kí Ó-Ti-Yé-Mi tó dé wọ́n á ti tú táyà rẹ̀ lọ, kí ni mo máa wá sọ fún ọmọ tó fi òógùn rẹ̀ rà á? Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín, n ó bá yín níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn bàálù. Ó wò mí. Awakọ̀ ràn án lọ́wọ́ gòkè, mo gbé báàgì rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, mo sì sáré padà sídìí ọ̀pá mi, nítorí òwú ti fẹ́ já níbì kan.

Mo gbọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù náà ń lọ. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lójú fèrèsé rẹ̀, ó pè mí ní orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni kò fi pè mí mọ́ láti ìgbà tí mo ti ń wọ ṣòkòtò péńpé. Mo gbé ọwọ́ tí mo fi di abẹ́rẹ́ mú sókè. Mi ò gbé orí. Nígbà tí mo máa fi gbé e, eruku ló kù lójú ọ̀nà.

Ó-Ti-Yé-Mi dé, ó yẹ ìránṣọ mi wò, ó yìn ín, ó sì yọ ọ́ dànù. Ó di ọ̀pá náà pẹ̀lú irú nǹkan tiwọn, ó bu omi sí i, ẹ́ńjìnnì jí, mo ti ń wọlé tayọ̀tayọ̀, ni jíà bá ní òun kò lọ síbì kankan. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ̀n ọ́n, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó jáde, kò sọ pé ó ti yé òun. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Ó ní ẹ̀yà tó bàjẹ́ kò sí nítòsí, àfi kí wọ́n mú un wá láti òkè òkun. Mo ní ibẹ̀ náà kúkú ni ẹ̀gbọ́n mi ń lọ.

Wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀ mìíràn nídìí, wọ́n sì fà wá bọ̀ wálé, èmi lẹ́yìn sítárìn bí ọba tí kò ní ìlú. Ojú ọ̀nà ni mo wà nígbà tí ìwọ pè pé wọ́n ti wọlé síbi bàálù, pé ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹ̀yìn, ó ń wo ẹ̀yìn, títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi ní kí ó máa bọ̀. Ìyá rẹ kò sọ pé òun ti wí. Ì bá sọ ọ́, ara ì bá tù mí. Ó bu omi gbígbóná fún mi láti wẹ̀, ó sì yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára fìlà mi, ó gbé e pamọ́.

Má sọ pé ìwọ lo fà á, mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra bàtà fún ni kọ́ ló ní ká wọ̀ ọ́ sùn. Ìfẹ́ lo fi rà á. Èmi ni mo ń ṣọ́ ọkọ̀ tí kò lè rìn, tí mo sì jẹ́ kí ẹni tó gbé mi pọ̀n lọ láìwo ojú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti ọ̀hún, irú ìpè tí wọ́n ti ń rí ara ẹni. Mo gbé fóònù mọ́ etí bí mo ti máa ń ṣe. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ó ní etí mi nìkan ni òun ń rí, ó ní kí n má tíì gbé e kúrò, pé kò tíì yí padà, pé òun mọ ìyà tí òun jẹ lórí àtifọ etí náà. Ìyá rẹ gba fóònù, ó kọ ojú rẹ̀ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti rù díẹ̀, ó wọ ẹ̀wù òtútù ńlá kan tí ọwọ́ rẹ̀ gùn jù, mo ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí mi kí n gé e. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdajì ojú rẹ̀ kí dátà má baà tètè tán, ìyá rẹ gbá ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Ó ní torí kí ni. Mo ní ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ bá mi sọ lọ́jọ́ yẹn lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹ fi ń pè mí kí n wá jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi nísinsìnyí, mo ti jókòó. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ kankan o. Ó ní òun kàn fẹ́ kí n jókòó ni.

Ojú rẹ̀ wá dúró gbọn-in, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Mo rò pé ó ń ronú ohun tó kù láti sọ. Mo ń dúró dè é, títí ìyá rẹ fi sọ fún mi pé dátà ti tán.

Nítorí náà, ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ tọrọ rèé. Má fi owó ẹ̀yà ọkọ̀ ránṣẹ́ mọ́, bí Ó-Ti-Yé-Mi bá tilẹ̀ pè ọ́. Bí o bá rí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà bó ṣe wà, tà á fún un, ṣùgbọ́n ka gbogbo àrùn rẹ̀ sí i létí, má pa iná kankan kí ó tó dé. Fi owó dátà ránṣẹ́, èyí tó nípọn, tí kì í já. Kí o sì bá mi fi owó bọ́ọ̀sì sí i, kí n lè wá sọ́dọ̀ rẹ. Má rán awakọ̀ wá. Bí mo bá dé tí o ṣì wà níbi iṣẹ́, n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà dè ọ́, n kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kò sí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò, kò sì sí ẹni tó kú. N ó kàn jókòó tì ọ́ díẹ̀, kí n tó padà.

Ọlọ́run yóò máa di ọ́ lọ́wọ́ mú lórí àtẹ̀gùn rẹ. Oúnjẹ tí o bá fi síná kò ní jóná, ọ̀nà tí o bá tọ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láàárín. Ẹni tó bá pè ọ́ láti ojú fèrèsé, wàá gbọ́, wàá sì gbé orí kí ó tó lọ. Àmín, lórúkọ Ẹni tó dá wa.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, télọ̀.